Àyè-Ìdásí Nínú Ìgbésí-Ayé Ẹ̀rọ: Ìperí Kan àti Ẹ̀rí Rẹ̀ Láti Òṣòdì

Ọ̀rọ̀ kan wà tí ẹnikẹ́ni tí ó bá fẹ́ fi èdè Yorùbá ṣàlàyé bí kọ̀ǹpútà ṣe ń darí kọ̀ǹpútà mìíràn yóò bá pàdé kí àlàyé rẹ̀ tó rìn jìnnà. Òun ni ohun tí àwọn elédè Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní lifecycle hook. Bí a bá ṣí ìwé atúmọ̀-èdè, ìkọ́ tàbí ìwọ̀ ni a óò rí fún hook. Ìyípo ayé ni a sì lè fi túmọ̀ lifecycle, gẹ́gẹ́ bí a ti í ṣe nínú ẹ̀kọ́ nípa kòkòrò. Ẹni tí ó bá so méjèèjì pọ̀ yóò ní "ìkọ́ ìyípo ayé" lọ́wọ́. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá gbọ́ ọ kò ní mọ̀ bóyá ẹja ni a fẹ́ fi mú ni tàbí ẹ̀wù ni a fẹ́ fi kọ́.

Ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré. Bí a kò bá lo ohun tí ó ń tọ́ka sí bí ó ti yẹ, iṣẹ́ tí ẹ̀rọ ń ṣe lọ́wọ́ lè já sí méjì, owó lè kúrò lọ́wọ́ oníbàárà láì dé ibi tí ó ń lọ, àkọsílẹ̀ sì lè sọnù. Nígbà tí Bàbátúndé Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò fífi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1970, ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì wà lára ẹ̀kọ́ náà, ṣíṣẹ̀dá ọ̀rọ̀ sì di ọ̀ranyàn. Ìwé Èdè-Ìperí Yorùbá tí Ayọ̀ Bámgbóṣé ṣe olóòtú rẹ̀, tí ó jáde ní 1984, dá lé èdè, lítíréṣọ̀ àti ìlànà ìkọ́ni. Ìmọ̀ kọ̀ǹpútà kò sí lára iṣẹ́ tirẹ̀. Ibòmíràn ni a ní láti wá èyí sí, kò sì pọn dandan kí ibẹ̀ jẹ́ ilé ìkàwé.

Ohun tí ètò-adarí kò mọ̀

Ní ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀, ènìyàn ni ó ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ to ẹ̀rọ apèsè kọ̀ọ̀kan. Ẹ̀rọ apèsè ni kọ̀ǹpútà tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ dídáhùn ohun tí àwọn kọ̀ǹpútà àti fóònù mìíràn bá bi í. Bí ó bá jẹ́ méjì tàbí mẹ́ta, iṣẹ́ náà ṣe é ṣe. Bí ó bá di ọgọ́rùn-ún, tí a ń fi kún un ní òwúrọ̀, tí a sì ń dín in kù ní alẹ́, apá ènìyàn kò ká a mọ́. Ìdí nìyí tí a fi ṣe irú ètò kọ̀ǹpútà tí ó ń dá ẹ̀rọ sílẹ̀, tí ó ń ṣọ́ ọ, tí ó sì ń pa á rẹ́. Puppet jáde ní 2005, Ansible ní 2012. Terraform ti ilé iṣẹ́ HashiCorp àti Kubernetes tí Google gbé síta dé ní ọdún kan náà, 2014. Kubernetes jẹ́ ọ̀rọ̀ èdè Gíríìkì. Atukọ̀ ni ìtumọ̀ rẹ̀. Kò sí ohun tí ó ní kí á má pe gbogbo irú ètò bẹ́ẹ̀ ní ètò-adarí.

Àwọn ẹ̀rọ tí ètò-adarí ń darí ni Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní infrastructure. Amáyédẹrùn, tí àwọn oníròyìn fi ń pe títì, omi àti iná mànàmáná, kò bá èyí mu dáadáa, nítorí pé ìrọ̀rùn ni ó ń sọ, kì í ṣe gbígbé nǹkan dúró. Ẹ̀rọ ìpìlẹ̀ sàn jù ú lọ.

Ohun tí ó yẹ kí olùkọ́ kọ́kọ́ fi yé akẹ́kọ̀ọ́ ni pé ètò-adarí kò mọ ohun tí ń bẹ nínú ẹ̀rọ tí ó ń darí. Ó mọ bí a ti ń bí i, ó mọ bí a ti ń wò ó bóyá ó ń mí, ó sì mọ bí a ti ń pa á. Bóyá ìwé owó oṣù ni ẹ̀rọ náà ń kọ lọ́wọ́ ni o, bóyá àwòrán ni ó ń fi pamọ́ ni o, kò kàn án. Ẹni tí ó ni ẹ̀rọ ni ó mọ̀ pé kí a tó pa á, ó ní ohun tí ó gbọ́dọ̀ parí. Ohun tí a fi yanjú èyí ni pé ètò-adarí ya ìgbà kan sọ́tọ̀ nínú iṣẹ́ rẹ̀, ó sì kéde pé: "Mo fẹ́ pa ẹ̀rọ yìí nísinsìnyí. Bí ẹnikẹ́ni bá ní ohun tí ó fẹ́ ṣe sí i, kí ó ṣe é kí n tó pa á." Ìgbà tí a yà sọ́tọ̀ yìí ni Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní hook.

Igbe tí a ń ké nínú dánfó

Oríta ọkọ̀ ńlá ni Òṣòdì, ní ìjọba ìbílẹ̀ Òṣòdì-Ìsọlọ̀ ní Ìpínlẹ̀ Èkó. Ojú irin gba ibẹ̀ kọjá, títì Agége gba ibẹ̀, títì Apápá sí Òṣòdì náà sì dé ibẹ̀. Ní oṣù kẹrin ọdún 2019 ni Ààrẹ Muhammadu Buhari ṣí ibùdókọ̀ ńlá onílé mẹ́ta níbẹ̀, tí a ya ilé àkọ́kọ́ nínú wọn sọ́tọ̀ fún ọkọ̀ tí ń lọ sí ìpínlẹ̀ mìíràn. Ní 2024, ọkọ̀ ojú irin tí a ń pè ní Red Line bẹ̀rẹ̀ sí í kó èrò láti Ọ̀yìngbò dé Agbádó, Òṣòdì sì jẹ́ ọ̀kan nínú ibi tí ó ń dúró sí. Pẹ̀lú gbogbo èyí, dánfó kò kúrò ní títì, inú dánfó ni ẹ̀rí tí àlàyé yìí gbára lé sì wà.

Kí dánfó tó gbéra, kọ̀ńdọ́kítọ̀ yóò ké sí àwọn tí ń wọlé pé, "Ẹ wọlé pẹ̀lú ṣéńjì yín o!" Bí ọkọ̀ bá ń sún mọ́ ibi tí èrò kan fẹ́ sọ̀ sí, èrò náà yóò ké pé, "Ó wà o!" Awakọ̀ kò mọ ibi tí ẹnì kọ̀ọ̀kan ń lọ, kò sì gbìyànjú láti mọ̀ ọ́n. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni kí ọkọ̀ rìn, kí ó sì dúró. Bí ó bá gbọ́ "Ó wà o!", yóò dúró, bí kò bá gbọ́ ọ, yóò kọjá.

Ó yẹ kí onímọ̀ èdè dúró díẹ̀ lórí gbólóhùn kúkúrú yìí. Olùwà rẹ̀, "ó", kò tọ́ka sí ẹnikẹ́ni. Èrò kò sọ pé "Èmi fẹ́ sọ̀", kò sì sọ pé "Dúró". Wíwà ni ó kéde: ẹni tí ń sọ̀ wà. Gbólóhùn náà kò pàṣẹ fún awakọ̀. Ó kàn kún àyè kan tí ìṣe ọkọ̀ èrò ti fi sílẹ̀ fún un, àyè náà sì ní ibi tí ó bẹ̀rẹ̀ àti ibi tí ó parí sí. Ẹni tí ó bá ké e ní kùtùkùtù, nígbà tí ọkọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò ní gáréèjì, yóò da awakọ̀ láàmú. Ẹni tí ó bá ké e lẹ́yìn tí ọkọ̀ ti kọjá yóò fi ẹsẹ̀ rìn padà. Bí èrò bá sì pẹ́ jù nídìí kíkó ẹrù rẹ̀ sílẹ̀, gbogbo ará Èkó ni ó mọ̀ pé ọkọ̀ kò ní dúró dè é títí.

Kò sí ìkọ́ kankan nínú èyí. Ohun tí ó wà níbẹ̀ ni àyè, àti ohun tí ẹlòmíràn fi sínú àyè náà. Nítorí náà, ìperí tí àpilẹ̀kọ yìí dá lábàá fún hook ni àyè-ìdásí. A dá sí ọ̀rọ̀, a dá sí ìjà: ìṣe ẹni tí iṣẹ́ náà kì í ṣe tirẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n tí a gbà á láyè láti sọ tirẹ̀. Àǹfààní kan tún wà nínú rẹ̀ tí Gẹ̀ẹ́sì kò ní. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, hook, ni Gẹ̀ẹ́sì fi ń pe àyè náà, òun náà ni ó tún fi ń pe àṣẹ tí a kọ sínú rẹ̀, èyí sì máa ń ru ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ṣẹ́ lójú. Ní Yorùbá, àyè-ìdásí ni ibi tí ètò-adarí fi sílẹ̀. Ìdásí ni ohun tí ẹni tí ó ni ẹ̀rọ kọ sí i. Àyè lè wà láìsí ìdásí, bí ọkọ̀ ti í kọjá bọ́sítọ́ọ̀pù tí ẹnikẹ́ni kò ké "Ó wà".

Àtakò kan wà tí kò ṣe é fọwọ́ rọ́ sẹ́yìn. Dá sí tún jẹ́ ọ̀rọ̀ fún pípa ẹ̀mí mọ́: a ní Ọlọ́run dá ẹnì kan sí, ìyẹn ni pé kò jẹ́ kí ó kú. Akẹ́kọ̀ọ́ lè rò pé ìdásí yóò gba ẹ̀rọ lọ́wọ́ ikú. Kò rí bẹ́ẹ̀, a óò sì rí ẹ̀rí rẹ̀ láìpẹ́. Ẹni tí àtakò yìí bá wúwo lójú rẹ̀ lè lo ìdásọ́rọ̀, èyí tí kò ní ju ìtumọ̀ kan lọ. Ṣùgbọ́n ìdásí ìjọba ti di ọ̀rọ̀ ojoojúmọ́ lẹ́nu àwọn oníròyìn, kò sì sí ẹni tí ó gbọ́ ọ tí ó rò pé ẹ̀mí ni ìjọba fẹ́ gbà là.

Ní ti lifecycle, ìyípo kò yẹ. Ẹyin labalábá di kòkòrò, kòkòrò di labalábá, labalábá tún yé ẹyin, ìyẹn yípo. Ẹ̀rọ apèsè kò yé ẹyin. A bí i, ó ṣiṣẹ́, a pa á, ó parí. Ìgbésí-ayé ni ó bá a mu. Ẹnì kan lè jiyàn pé nínú Kubernetes, oríṣi kan wà tí ó jẹ́ pé bí èyí tí ń jẹ́ orúkọ kan bá kú, orúkọ kan náà ni a óò sọ arọ́pò rẹ̀, bí ìgbà tí a sọ ọmọ ní Babátúndé. Síbẹ̀, baba ti kú ná kí á tó sọ ọmọ lórúkọ. Àyè-ìdásí ìgbésí-ayé ẹ̀rọ ni odindi ìperí náà. Níbi tí ọ̀rọ̀ bá ti yé ènìyàn, àyè-ìdásí nìkan tó.

Àkókò ìpalẹ̀mọ́

Ohun tí Kubernetes ń darí ni kọ̀ńténà. Ọ̀rọ̀ yìí kò nílò ìtumọ̀ fún ẹni tí ó bá ti dúró rí lẹ́bàá títì Apápá sí Òṣòdì: àpótí ńlá tí a kó ẹrù sí, tí ọkọ̀ yòówù lè gbé láì mọ ohun tí ń bẹ nínú rẹ̀. Àpótí yìí gan-an ni àwọn onímọ̀ kọ̀ǹpútà wò kí wọ́n tó fi orúkọ rẹ̀ pe ètò kọ̀ǹpútà tí a dì pọ̀ mọ́ gbogbo ohun èlò rẹ̀.

Àyè-ìdásí méjì ni Kubernetes fi sílẹ̀ fún kọ̀ńténà kọ̀ọ̀kan. Èkíní, PostStart, ṣí ní kété tí a bá ti dá kọ̀ńténà náà. Kí olùtumọ̀ ṣọ́ra níhìn-ín. "Lẹ́yìn ìbẹ̀rẹ̀" ni ìtumọ̀ orúkọ náà lójú pákó, ṣùgbọ́n ìdásí àti iṣẹ́ gangan tí kọ̀ńténà wá ṣe jọ ń sáré papọ̀ ni. Kò sí ìdánilójú èwo ni yóò ṣáájú. Bí ìdásí náà bá kùnà, Kubernetes yóò pa kọ̀ńténà náà.

Èkejì, PreStop, ni ó ní ẹ̀wu nínú. Ìdásí ṣáájú ìdúró ni a lè pè é. Kubernetes kò ní fi àmì ìdúró ránṣẹ́ sí ètò tí ń bẹ nínú kọ̀ńténà títí ìdásí yìí yóò fi parí. Bí a bá dákẹ́ síbẹ̀, ẹni tí ń gbọ́ yóò rò pé ó lè pẹ́ tó bí ó bá ti fẹ́. Òótọ́ ibẹ̀ ni pé àkókò kan wà tí a ń kà, ìṣẹ́jú-àáyá 30 bí ẹnikẹ́ni kò bá yí i padà, kíkà náà sì bẹ̀rẹ̀ kí ìdásí tó bẹ̀rẹ̀. Inú 30 yìí ni ìdásí yóò ti jẹ. Ohun tí ó bá ṣẹ́kù ni ètò náà yóò fi palẹ̀ mọ́. Bí ìdásí bá lo 25, ìṣẹ́jú-àáyá márùn-ún péré ni ó kù. Bí àkókò bá pé tí ìdásí kò tíì parí, ìṣẹ́jú-àáyá méjì ni a óò fi kún un, lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Lẹ́yìn èyí, pípa ni.

Ẹ jẹ́ kí á fi ọkọ̀ èrò ṣe àpẹẹrẹ. Káàdì Cowry ni èrò fi ń sanwó nínú ọkọ̀ BRT ní Èkó. Ká ní ètò tí ń yọ owó kúrò lórí irú káàdì bẹ́ẹ̀ wà nínú kọ̀ńténà (àpẹẹrẹ lásán nìyí, kì í ṣe ìròyìn nípa bí ilé iṣẹ́ kankan ṣe ń ṣiṣẹ́). Èrò fi káàdì kan ẹ̀rọ. Ètò yọ owó kúrò, ó sì fẹ́ kọ ọ́ sílẹ̀ pé èrò ti sanwó. Ní ìṣẹ́jú-àáyá yẹn gan-an ni ètò-adarí pinnu láti pa kọ̀ńténà náà, bóyá nítorí pé èrò ti dín kù lálẹ́. Bí ìdásí bá wà níbẹ̀ tí ó sọ pé, "Má gba iṣẹ́ tuntun mọ́, parí èyí tí ó wà lọ́wọ́", tí àkókò sì tó, èrò yóò wọlé. Bí kò bá sí, owó ti lọ, ilẹ̀kùn kò sì ní ṣí.

Grace period ni Gẹ̀ẹ́sì ń pe ìṣẹ́jú-àáyá 30 wọ̀nyí. Oore-ọ̀fẹ́ ni yóò kọ́kọ́ wá sọ́kàn olùtumọ̀, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ṣọ́ọ̀ṣì ni, ó sì fi ohun tí a fúnni hàn ju ohun tí ó yẹ kí á fi ṣe lọ. Àkókò ìpalẹ̀mọ́ ni ó yẹ. Ọlọ́jà ń palẹ̀ mọ́ kí ilẹ̀ tó ṣú: ó ń ka owó, ó ń kó ìgbá, ó ń di ẹrù.

Òfin kì í ṣe àyè

Nínú Terraform ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti máa ń da ohun méjì pọ̀. Ìsọ̀rí kan wà nínú rẹ̀ tí ń jẹ́ lifecycle, ṣùgbọ́n ohun tí ó pọ̀ jù níbẹ̀ kì í ṣe àyè-ìdásí rárá. Òfin ni wọ́n. Ọ̀kan sọ pé kí a kọ́kọ́ dá tuntun kí a tó pa ti àtijọ́. Òmíràn sọ pé a kò gbọdọ̀ pa ohun yìí. Ẹ̀kẹta sọ pé bí àwọn apá kan bá yí padà, kí Terraform ṣe bí ẹni tí kò rí i. Kò sí èyí tí ó dúró gbọ́ ọ̀rọ̀ ẹnikẹ́ni nínú wọn. Òfin ìgbésí-ayé ni orúkọ tí ó yẹ wọ́n.

Ìtàn Òṣòdì fi ìyàtọ̀ yìí hàn. Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2016, ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó wó ọjà Owónifáàrí ní Òṣòdì, ó sì ní kí àwọn òǹtajà kó lọ sí ọjà Ìsọ̀pákódowó ní Bọ́láde, tí kò jìnnà síbẹ̀. Bí a bá fi ojú Terraform wò ó, òfin àkọ́kọ́ ti ṣẹ: ọjà mìíràn ti wà kí a tó wó èyí. Ṣùgbọ́n àríyànjiyàn tí ó tẹ̀ lé e kò dá lórí pé ọjà mìíràn wà tàbí kò sí nìkan. Àwọn òǹtajà ráhùn pé àkókò tí àwọn fi lè kó ẹrù kò tó. Àkókò ìpalẹ̀mọ́ ni wọ́n ń sọ. Ẹni tí ó bá fi ìperí kan náà pe òfin àti àyè kò ní rí ìdí tí ẹni tí a ti kọ́ ilé fún fi lè máa sunkún ẹrù.

Ìkìlọ̀ kan kù lórí òfin tí ó ní kí a má pa nǹkan. Inú ìwé ètò ni a kọ ọ́ sí, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ohun tí ó ń dáàbò bò. Bí ẹnì kan bá pa odindi ìpínrọ̀ náà rẹ́, òfin bá a lọ, Terraform yóò sì pa ohun náà láì wo ẹ̀yìn. Bákan náà ni ti àṣẹ tí a bá kọ pé kí ó ṣiṣẹ́ nígbà ìparun: bí a bá yọ ìpínrọ̀ rẹ̀ kúrò, kò ní ṣiṣẹ́.

Ìdáhùn àti àsọtúnsọ

Auto Scaling ti Amazon ni àyè-ìdásí inú rẹ̀ gùn jù. Nígbà tí a bá ń fi ẹ̀rọ kún ẹ̀rọ tàbí tí a bá ń yọ ọ́ kúrò, yóò dá a dúró fún ìṣẹ́jú-àáyá 3600, èyí tí í ṣe wákàtí kan, àfi bí a bá yí i padà. Ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ kò tíì parí lè máa fi àmì ránṣẹ́ pé òun ṣì wà lẹ́nu rẹ̀. Àmì-ẹ̀mí ni a lè pe èyí, nítorí pé ìlù ọkàn tí Gẹ̀ẹ́sì lò yóò mú ni ronú nípa ìfẹ́ tàbí ìbẹ̀rù. Pẹ̀lú àmì-ẹ̀mí, ìdúró náà lè gùn dé wákàtí 48, tàbí ìlọ́po 100 àkókò tí a kọ́kọ́ dá. Èyí tí ó bá kéré jù nínú méjèèjì ni òpin.

Ìdáhùn méjì ni Auto Scaling ń retí: tẹ̀síwájú, tàbí pa á tì. Fún ẹ̀rọ tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bí, ìyàtọ̀ wọn tóbi: tẹ̀síwájú fi í sẹ́nu iṣẹ́, pa á tì sọ ọ́ di òkú, a ó sì bí òmíràn. Fún ẹ̀rọ tí ń kú lọ, bí a kò bá ṣe ètò mìíràn, ikú ni òpin àwọn méjèèjì. Tẹ̀síwájú ń jẹ́ kí àwọn ìdásí yòókù parí iṣẹ́ wọn. Pa á tì ń dá wọn dúró. Ẹ̀rí tí a ṣèlérí lókè nìyí: ìdásí kò dá ẹ̀mí ẹ̀rọ sí.

Ọ̀rọ̀ kan tí ó dàbí ohun kékeré ni ó kù fún àwọn tí ń túmọ̀ ìwé ìlò. Kubernetes ṣèlérí pé ìdásí yóò ṣiṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan, ó kéré tán. Ẹni tí ó bá túmọ̀ rẹ̀ sí "lẹ́ẹ̀kan" lásán ti yí ìlérí náà padà, nítorí pé ìdásí kan náà lè wáyé lẹ́ẹ̀mejì. Bí kọ̀ńdọ́kítọ̀ bá gbàgbé tí ó tún na ọwọ́ sí èrò kan náà, èrò yóò ní, "Mo ti sanwó." Ẹ̀rọ kò lè sọ bẹ́ẹ̀, àfi bí ẹni tí ó kọ ìdásí náà bá ti kọ ọ́ sínú rẹ̀ pé kí ó kọ́kọ́ wò bóyá iṣẹ́ náà ti di ṣíṣe.